Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Báà Ẹ̀rọ Ìgégi Wo Ló Bá Igi Wo Mu?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní Ẹ̀ka wa, mo mọ̀ pé àwọn kan á béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Ó kàn wá. Ní àdúgbò bíi Òkè-Ogbo níbí, bí òjò oníjì bá rọ̀ tán, ẹ lè rí igi mángòrò tàbí odán tó ti wó lé òrùlé ẹnì kan, tàbí èyí tó fẹ́ wó lé wáyà iná. Agégi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ti parí ẹ̀kọ́ náà ń ra ẹ̀rọ yìí láti máa fi wá oúnjẹ òòjọ́. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ara wọn ni pé, "Báà ínṣì mélòó ni kí n rà?" Ìdáhùn tó yá lẹ́nu àwọn èèyàn jù ni pé, "Ra èyí tó gùn jù." Ìdáhùn yẹn lè jẹ owó ẹni, ó sì lè jẹ ẹsẹ̀ ẹni.

Kí ni báà?

Ẹ̀rọ ìgégi ní ẹńjìnnì tó ń mu pẹtiróòlù. Ó ní irin pẹlẹbẹ kan tó yọ síwájú bí ahọ́n, òun là ń pè ní báà. Ṣéènì eléyín ló wá ń sáré yí etí báà náà po, eyín ṣéènì yìí ló sì ń jẹ igi.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ayùn ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá fẹ́ la gẹdú sí pákó, wọ́n á gbẹ́ kòtò, ẹnì kan á dúró lórí gẹdú, ẹnì kejì á wà nínú kòtò, wọ́n á sì jọ máa fa ayùn. Ní 1926, Andreas Stihl ní orílẹ̀-èdè Jámánì ṣe ẹ̀rọ ìgégi tó ń lo iná mànàmáná. Ní 1929, ó ṣe èyí tó ń lo pẹtiróòlù. Èèyàn méjì ló ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó di 1950, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tí ẹnì kan lè dá gbé. Láti ìgbà tí ẹnì kan ti ń dá a gbé ni gbogbo gígùn báà ti di ẹrù ẹnì kan ṣoṣo.

Ó ga, ó gùn, ó tóbi

Ibí ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Igi tó wà lóòró, a máa ń sọ pé ó ga. Bí wọ́n bá ti gé e lulẹ̀, a ó ní ó gùn. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó kan báà. Ohun tó kàn án ni ìbú igi, ìyẹn bí igi ṣe tóbi tó láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí a ti fẹ́ gé e gan-an. Ọ̀pẹ lè ga ju ilé alájà kan lọ, kí ìbú rẹ̀ má ju ínṣì 14 lọ. Oníbàárà tó bá pe agégi lórí fóònù tó ní, "Igi ọ̀hún ga gan-an," kò tíì sọ ohun tí agégi lè fi yan báà.

Bí a bá fẹ́ mọ ìbú igi tó wà lóòró, ká fi téèpù àwọn télọ̀ tàbí okùn yí i po níbi tí a ti fẹ́ gé e, ká wá pín iye tí a bá rí sí 3.14. Bí àyíká igi bá jẹ́ ínṣì 63, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 20. Ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń tẹ̀lé ni pé kí báà fi ó kéré tán ínṣì 2 gùn ju ìbú igi lọ. Igi ìbú ínṣì 20 yìí á gba báà ínṣì 22 tàbí 24. Ínṣì 2 yẹn ló ń jẹ́ kí ṣóńṣó báà yọ lódì kejì, kí agégi lè rí ibi tó wà.

Bí igi bá tóbi ju báà lọ ńkọ́? Ẹni tó mọṣẹ́ lè gé e láti apá kan, kó sì bọ́ sí apá kejì parí rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gé igi bí ìrókò àti àràbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dánwò.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Ẹ mú báà tí wọ́n kọ 20 sí lára, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìdí dé ṣóńṣó. Yóò ju ínṣì 20 lọ. Ẹni tó kọ nọ́ńbà náà kò parọ́. Ìdí báà wà ní ìpamọ́ nínú ẹńjìnnì, kò sì lè gé ohunkóhun. Láti ibi tí báà ti yọ lára ẹńjìnnì dé ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n ń kà, ìyẹn apá tó ń jẹ igi. Nítorí náà, ẹni tó bá tú báà àtijọ́ sílẹ̀, tó wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀, tó sì gbé iye yẹn lọ sọ́jà, èyí tó gùn ju tirẹ̀ lọ ni yóò rà bọ̀.

Ní kíláàsì, a kọ́ pé ọ̀rọ̀ méjì lè jọ ara wọn létí kí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni báà méjì lè jọ jẹ́ ínṣì 20 kí wọ́n má gba ṣéènì kan náà. Ọ̀kan lè gba ṣéènì tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 72, kí òmíràn gba 76. Ojú ihò tí ṣéènì ń gbà kọjá lára báà lè fẹ̀ ju ara wọn lọ. Àlàfo àárín eyín ṣéènì náà gbọ́dọ̀ bá kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tó ń wọ́ ọ lára ẹńjìnnì mu, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀kadà. Wọ́n sábà máa ń tẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sí ìdí báà. Ẹ fi fóònù yà á kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Agbára ẹńjìnnì

Bí báà bá ṣe gùn tó ni eyín tó wọnú igi lẹ́ẹ̀kan náà ṣe máa pọ̀ tó, gbogbo eyín yẹn ni ẹńjìnnì sì gbọ́dọ̀ fà. Cc tí a ń sọ nípa ọ̀kadà náà ni wọ́n fi ń mọ bí ẹńjìnnì ẹ̀rọ ìgégi ṣe tóbi tó. Ẹńjìnnì 40 sí 45 cc lè fa báà ínṣì 14 sí 18. Èyí tó jẹ́ 50 sí 60 cc bá ínṣì 16 sí 20 mu. Bó bá lé ní 70 cc, ó lè gbé ínṣì 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Stihl 070, tí àwọn tó ń la pákó nínú igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ bí ẹni mowó, jẹ́ nǹkan bí 105 cc. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbé báà ínṣì 30 tàbí 36.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí owó wọn kò ga lọ́jà jẹ́ 52 tàbí 58 cc, wọ́n sì ti máa ń fi báà ínṣì 20 tàbí 22 sí i. Ó ti gba dé ọrùn nìyẹn. Bí a bá wá ti báà ínṣì 30 bọ̀ ọ́, ṣéènì á máa rìn bí ìgbín nínú igi, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ọ́ìlì tó yẹ kó máa rin ṣéènì lè má tó o dé ṣóńṣó, báà á sì gbóná. Irú igi náà ń bẹ níbẹ̀: arère rọ̀, ẹńjìnnì lè fara dà á, apá le, kò ní gbà.

Ewu tó wà ní ṣóńṣó

Ẹ wo ṣóńṣó báà bí ojú aago, kí báà kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún yín. Láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta ni ibi tó burú jù. Bí ibẹ̀ bá kan igi nígbà tí ṣéènì ń sáré, báà á ta sókè, á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú kó tó ṣẹ́jú. Bí báà bá gùn ju iṣẹ́ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ á jìnnà sójú, ó sì lè lọ kan ẹ̀ka mìíràn, ògiri tàbí òkúta tí agégi kò rí. Ó tún wúwo, ó ń tètè mú apá rẹ èèyàn. Bó bá sì kúrú jù, inú igi ni ṣóńṣó á wà, níbi tí ojú kò ti lè tó o.

Èwo ni ká wá rà?

Ẹ ṣírò iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń gé ẹ̀ka igi nínú ọgbà ilé, tó ń tún oko kòkó ṣe, tó sì ń gé igi ìdáná, báà ínṣì 16 tàbí 18 tó o. Ẹni tó ń gé mángòrò àti tíìkì tó ti dàgbà lè lo ínṣì 20. Ínṣì 24 sókè, iṣẹ́ àwọn onígẹdú tó ní ẹńjìnnì ńlá ni. Bí igi ràbàtà kan bá wá yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kí ẹ jọ pín owó iṣẹ́ náà.

Bí oníṣòwò bá wá bi yín pé ínṣì mélòó lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ìbú igi tí ẹ ń gé àti cc ẹńjìnnì yín fún un. Bí ìwọ̀n eku bá ti hàn, ìwọ̀n ìtẹ́ kò ní ṣòro.