Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá: Ṣé Ó Lè Kúnlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tí ọmọ aráyé ń rọ ni mo gbé wá. Kò sí ẹni tí kò lè kàn: ọ̀kadà ń gbá ènìyàn, ìtọ̀ ṣúgà ń ba ẹsẹ̀ jẹ́, igi tí teguntegun mìíràn sì dì le jù a máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró títí dókítà yóò fi gé e.

Nílé ìwòsàn Ìgbòbí l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 lẹ́yìn ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà ogun Hítílà, wọ́n ń ṣe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi POP di kùkùté ẹsẹ̀ títí yóò fi gan. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n á fi ṣe ihò tí kùkùté yóò máa wọ̀. Ihò yìí ni ọba gbogbo rẹ̀. Bó bá fún, á bó ni lára. Bó bá tóbi, á máa yẹ̀. Kùkùté tuntun a sì máa joro, nítorí náà èyí tó bá a mu lónìí lè ṣò lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú sọ fún mi pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun gbé tòun sí. "Tíṣà, mo lè fi rìn nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lápá Olúmọ, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀. N kò sì lè fi kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi." Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí wọ́n gé lókè orúnkún, ìsọ̀kalẹ̀ nira fún un ju ìgòkè lọ, nítorí orúnkún irin kò mọ ìgbà tó yẹ kó le. Ilé iṣẹ́ Otto Bock ti Jámánì gbé C-Leg jáde ní 1997: kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń wo bí ẹsẹ̀ ti ń lọ, òun ló ń mú orúnkún le tàbí rọ̀. Ohun ìyanu ni, àmọ́ owó mọ́tò ni owó rẹ̀!

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Àwọn ará Íńdíà ti mọ èyí. Ní 1968, ní ìlú Jaipur, oníṣọ̀nà Ram Chandra Sharma àti Dókítà P. K. Sethi fi rọ́bà àti igi ṣe ẹsẹ̀ tí ènìyàn lè fi lóṣòó, tó sì lè fi tẹ ẹrọ̀fọ̀ oko láìwọ bàtà. Ní tèmi, ọgbọ́n yẹn ju iná mànàmáná lọ.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, John Amanam ní Uyo, tó ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn onísinimá tẹ́lẹ̀, ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bá àwọ̀ dúdú mu, nítorí àwọ̀ Òyìnbó ni púpọ̀ nínú èyí tó ń ti òkèèrè wá. Ó tún ṣe ọwọ́ róbọ́ọ̀tì: bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ di nǹkan mú, ẹ̀rọ á gbọ́ iná kékeré tí iṣan apá ń tú jáde, ìka á sì ká.

Ẹni tó bá ń lọ gba ẹsẹ̀, kó má tijú. Kó sọ fún oníṣẹ́ pé òkè lòun ń gùn, òun a sì máa kúnlẹ̀. Kó fi rìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níwájú rẹ̀ kó tó sanwó tán, kó sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún ihò rẹ̀ wọ̀n.