Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Àpòlúkù fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Dá

Àpòlúkù ni àpò inú ikùn tí oúnjẹ ń bọ́ sí lẹ́yìn tí a bá gbé e mì. Bí jẹjẹrẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, ó lè má dun ènìyàn rárá, ó sì lè jọ inú tí kò da oúnjẹ dáadáa lásán. Nígbà tí ìrora, èébì léraléra, ara tó ń gbẹ àti ìgbẹ́ dúdú bá fi máa yọjú, àrùn náà sábà máa ń ti jìn lára. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 968,000 ènìyàn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn yìí lára wọn káàkiri àgbáyé, ó sì pa nǹkan bí 660,000. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé wò. Ní Jàpáànù, bí a bá rí i nígbà tí kò tíì kọjá awọ inú àpòlúkù, ó ju 90 lọ nínú 100 aláìsàn tí ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Nítorí èyí ni àwọn ìjọba kan kò ṣe dúró de aláìsàn. Wọ́n ń ké sí àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó, bí ara wọn tilẹ̀ dá, pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò, kí a lè rí àrùn náà kó tó di ohun tí apá kò ká mọ́.

Jàpáànù ló ṣáájú. Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, kò sí jẹjẹrẹ mìíràn tó ń pa àwọn ará ibẹ̀ tó ti àpòlúkù. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn oníṣègùn ìpínlẹ̀ Miyagi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ tí a gbé ẹ̀rọ X-ray sí lọ bá àwọn ará abúlé. Nígbà tó di ọdún 1983, ètò náà ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá wá yóò mu omi funfun kan tó ki, tí à ń pè ní bàríọ̀mù, yóò sì tún gbé ohun tí yóò fẹ́ àpòlúkù rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ni yóò máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ibùsùn ẹ̀rọ tí wọn yóò fi ya fọ́tò inú rẹ̀. Bàríọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ara àpòlúkù, á sì jẹ́ kí ibi tó wú tàbí tó jìn hàn.

Fọ́tò nìkan kò tó láti pinnu. Ẹni tí a bá fura sí tirẹ̀ ni a ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí wo, láti ẹnu wọ inú àpòlúkù. Rọ́bà yìí ń fi awọ inú han dókítà kedere, òun náà ni wọ́n fi ń gé ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò. Bí jẹjẹrẹ náà bá ṣì kéré, wọ́n lè ti ẹnu bẹ́ẹ̀ gé e kúrò láìla ikùn.

Gúúsù Kòríà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní ọdún 1999 pẹ̀lú àwọn tálákà, kó tó fẹ̀ ẹ́ kan àwọn yòókù. Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún ni wọ́n ń pè ní ọdún méjì-méjì. Ìwádìí ńlá kan tó jáde níbẹ̀ ní ọdún 2017 fi hàn pé láàárín àwọn tí a fi rọ́bà oníkámẹ́rà yẹ̀ wò, ewu pé jẹjẹrẹ àpòlúkù yóò pa ènìyàn fi nǹkan bí ìdá 47 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò ṣe àyẹ̀wò. X-ray ní tirẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín in kù. Ní ọdún 2016, Jàpáànù náà ti fi rọ́bà yìí kún ètò rẹ̀, fún àwọn tó ti pé àádọ́ta ọdún.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó lè kó ẹni tí nǹkan kan kò ṣe sí ìpayà, ó lè rí jẹjẹrẹ tí kì bá tí pa onítọ̀hún láéláé, rọ́bà náà sì lè dá ihò sínú ènìyàn, bí ìyẹn tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó tún ń fẹ́ owó púpọ̀ àti dókítà tó mọṣẹ́. Ibi tí àrùn náà ti wọ́pọ̀ ni èrè rẹ̀ ti ju ìnáwó lọ. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó kò fi pe gbogbo ará ìlú sí i.

Ọ̀nà kejì ni láti bá gbòǹgbò àrùn jà. Ní ọdún 1982, Barry Marshall àti Robin Warren, àwọn oníṣègùn ará Ọsirélíà, ṣàwárí kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú àpòlúkù, èyí tí à ń pè ní Helicobacter pylori. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2005. Kòkòrò yìí ló ń fa ọgbẹ́ inú lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ àpòlúkù. Ó ń mú kí awọ inú wú, kí ó fẹ́lẹ́, kí ó sì yí padà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní erékùṣù Matsu ní Taiwan, láti ọdún 2004, àwọn àgbàlagbà ń fẹ́ èémí sínú ohun àyẹ̀wò, ẹni tí a bá sì bá kòkòrò náà lára rẹ̀ ń gba oògùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lé ní mẹ́wàá, iye àwọn tí jẹjẹrẹ náà ń mú níbẹ̀ ti dín kù ju ìdajì lọ.

Kòkòrò yìí wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò sí ètò àyẹ̀wò gbogbogbòò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ojú tí oníkálukú bá fi ṣọ́ ara rẹ̀ ló kù. Kí ẹni tí inú ń run láìdáwọ́ dúró, tí ara rẹ̀ ń gbẹ láìnídìí, tí ń bì tàbí tí ń ya ìgbẹ́ dúdú má ṣe fi oògùn kẹ́míìsì tàbí àgbo pa á mọ́ra. Oògùn ọgbẹ́ inú lè mú ìrora lọ, kí jẹjẹrẹ sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tètè. Kí ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní àrùn yìí rí sọ fún dókítà, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò.