Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran, tó sì ń ṣara lóore

Ẹ̀yin ará Ìlobì, ẹran wọ́n gógó, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ara àwọn ọmọ wa jìyà. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, purotéènì tó bíi 23 gíráàmù. Ti sóyà sún mọ́ 36. Àkàrà pẹ̀lú ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ tálákà rárá: èyí tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i.

Ní 1987, IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fífi sóyà se oúnjẹ ilé wa. Bí a ṣe ń fi sóyà ṣe wàrà nìyí: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ se omi rẹ̀ kó hó dáadáa, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí yóò fi dì. Ẹ fún un, ẹ gé e, ẹ dín in: wàrà sóyà dé! Ẹ dà á sínú ẹ̀fọ́ tó nírú, ẹ fún àwọn ọmọ jẹ.