Iná Sólà Lábúlé: Ohun tí Iṣẹ́ Àfikún Yìí Ń Béèrè

Báǹkì Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 85 ọmọ Nàìjíríà ni iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ìgbèríko sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni àwọn tó rí jájẹ níbẹ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àyè yìí ni àwọn oníwáyà àti àwọn tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe rí, tí wọ́n fi ń ṣe iná sólà kún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Owó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó mọ ìṣirò, tó sì ṣe tán láti máa padà lọ wo ohun tó ṣe, ló ń pẹ́ nídìí rẹ̀.

Pánẹ́lì ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Kọ́ńtírólà ń ṣọ́ iná tó ń wọ bátìrì kó má baà pọ̀ jù, bátìrì ń tọ́jú rẹ̀ di alẹ́, ìnfátà sì ń sọ ọ́ di irú iná tí tẹlifíṣàn ń lò. Ilé tó jẹ́ pé gílóòbù àti fóònù nìkan ni wọ́n fẹ́ lò kò nílò ìnfátà rárá.

Ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú owó. Ká ní ìdílé kan ní gílóòbù mẹ́rin tó ń jẹ wáàtì 7 fún wákàtí mẹ́fà, fáànù wáàtì 25 fún wákàtí mẹ́jọ, tẹlifíṣàn wáàtì 50 fún wákàtí mẹ́rin, pẹ̀lú fóònù mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ yóò sún mọ́ 600 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Díẹ̀ nínú iná náà máa ń ṣòfò nínú wáyà, bátìrì àti ìnfátà, nítorí náà kí oníṣẹ́ gbé e lọ sí 800. Oòrùn lè yọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà ju ti wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún tí ó mú ganrínganrín lọ. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ó tún ń dín kù. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta ṣírò, tó sì ra pánẹ́lì wáàtì 300, kò ní gbọ́ ẹ̀sùn nígbà òjò.

Bátìrì ló ń gba owó jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tan oníbàárà jẹ. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù kan tó jẹ́ fólìtì 12.8 àti áńpíà-wákàtí 100 gba 1,280 wáàtì-wákàtí, a sì lè lo bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìpa á lára. Bátìrì àsíìdì kò yẹ kó lọ ju ìdajì lọ, nítorí náà méjì rẹ̀ ni ilé kan náà yóò nílò. Ọ̀kan nínú wọn lè tó 30 kìlógíráàmù, èyí tó ṣòroó gbé sórí ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí pé irú iná kékeré bẹ́ẹ̀ yóò gbé áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000.

Nígbà tí oníṣẹ́ bá ń so wọ́n pọ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀tá. Wáàtì 600 lórí fólìtì 12 jẹ́ áńpíà 50. Ó lè mú wáyà tí kò nípọn gbóná títí yóò fi jó. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì. Kí pánẹ́lì kọjú sí gúúsù, kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀, kí àlàfo sì wà láàárín rẹ̀ àti páànù, torí ooru ń dín agbára rẹ̀ kù. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lè fa iṣẹ́ odidi pánẹ́lì sẹ́yìn. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní kùtùkùtù.

Pánẹ́lì tí wọ́n kọ iye èké sí lẹ́yìn pọ̀ lọ́jà. Kí oníṣẹ́ fi mítà wọ̀n ọ́n nínú oòrùn ọ̀sán kó tó kúrò nílùú, nítorí owó ọ̀nà ẹ̀ẹ̀mejì lè jẹ èrè tán. Owó ọ̀nà yìí kan náà ló fi dára kí ó kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí abúlé tó súnmọ́ ara wọn, kó sì kọ́ ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ bí a ti ń de wáyà le àti bí a ti ń pààrọ̀ fíúsì. Ní ti owó sísan, àwọn olóko kòkó ń rówó dáadáa lẹ́yìn ìkórè. Àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀ tó bá àsìkò yẹn mu ló rọrùn jù fún wọn.

Kí oníṣẹ́ tún béèrè bóyá iná sólà àjùmọ̀lò ń bọ̀ ládùúgbò náà, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Gbamu-Gbamu, ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ́dún 2018. Níbi tó bá ti dé, wáyà inú ilé àti àtúnṣe ni iṣẹ́ tó kù.

Bátìrì àsíìdì tó ti kú kò gbọdọ̀ kù sí àgbàlá níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì ń ba omi jẹ́. Kí oníṣẹ́ gbà á padà lọ́jọ́ tó bá gbé tuntun lọ, kó má sì tà á fún àwọn tó ń fi òòlù fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé.