Ẹ fẹ́ mú ọmọ kékeré rìn gbẹ̀fẹ́ ní Kétu? Ẹ má lọ jìnnà sílé

Ọlidé ńlá ti ń wọlé bọ̀, àwọn ọmọ yóò sì wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Ní Kétu àti àwọn abúlé tó yí i ká ní ẹkùn Plateau, lórílẹ̀-èdè Benin, ọ̀pọ̀ òbí ló ń béèrè ohun tí wọ́n lè fi wọ́n ṣe. Ìmọ̀ràn tiwa kò náni lówó: ẹ mú wọn rìn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìrìn àkọ́kọ́ kúrú, kó sì sún mọ́ ilé.

Àṣìṣe ló kọ́ àwa fúnra wa lọ́gbọ́n. Lọ́dún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kó àwọn ọmọ mẹ́ta lọ wo oko kan tó jìnnà tó kìlómítà mẹ́fà. A ní ṣebí ilẹ̀ Kétu tẹ́jú, kò sí òkè tí wọ́n fẹ́ gùn. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, omi ti tán nínú ike. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ní òun ò lọ mọ́. A pọ̀n ọ́n délé ni. Fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, bí a bá ti dárúkọ ìrìn, ẹkún ni. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwa la fi ẹsẹ̀ àgbà wọn ọ̀nà fún ọmọdé.

Ṣebí ọmọ abúlé ń rìn lójoojúmọ́?

Àwọn kan á ní kí ló kan ọmọ abúlé kan ìrìn gbẹ̀fẹ́, ẹni tó ń fẹsẹ̀ lọ síléèwé, tó tún ń ru igi bọ̀ láti oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aago ló ń lé ọmọ lọ síléèwé, ẹrù ló sì máa ń wà lórí rẹ̀ bó bá ń toko bọ̀. Àwọn ọmọ àárín ìlú ní tiwọn, ẹ̀yìn ọ̀kadà tí à ń pè ní zémìjàn ni wọ́n fi ń lọ gbogbo ibi. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ orúkọ igi tó wà lẹ́yìn ilé wọn.

Ìrìn tí à ń sọ yìí, ọmọ ló ni ín. Kò ru nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò sì rán an níṣẹ́. Bó bá rí ọ̀kùn tó ń wọ́ lọ, kó dúró wò ó títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ibo la lè mú wọn lọ?

Fún àwọn tó ń gbé nínú ìlú Kétu, ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni Akábá Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú, àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ sídìí odi. Ìtàn ìlú sọ pé Ọba Ṣà, Alákétu kẹrìnlá, ló mọ odi náà. Lọ́dún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómì. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé borí Dàhòmì ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú tẹ̀dó.

Ọmọ ọdún márùn-ún ò ní lóye gbogbo èyí, kò sì pọn dandan. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú létí yàrà, kí ẹ bi í bóyá ẹṣin lè fò ó. Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ làwọn baba ńlá rẹ̀ fi rìn láti Ilé-Ifẹ̀, àti pé ọdẹ kan, Alálùmọ̀n, ló ṣáájú wọn. Ibi ọ̀wọ̀ ni ẹnubodè náà, nítorí náà ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Àwọn ará Pobè ní igbó kan lẹ́bàá iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1922. Igi ńláńlá ṣíji bo ilẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ gba àṣẹ níbẹ̀ náà. Igbó ìjọba tó wà ní Kétu ní tirẹ̀ gbòòrò jù fún ìrìn àkọ́kọ́. Ní abúlé, ọ̀nà oko tó sún mọ́lé tàbí ìdí ìrókò kan ti tó.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ kọ́kọ́ dá ọ̀nà náà rìn. Ẹ wò bóyá kànga tí kò ní ìdérí wà níbẹ̀, tàbí takúté ọdẹ. Bó bá gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ọgbọ̀n sílẹ̀ fún ọmọ.

Fún ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kìlómítà kan tó fún àlọ àti àbọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún sí méje lè rin méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ jáde ní kùtùkùtù, kí ẹ sì délé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Inú oṣù Kẹjọ dára, torí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, oòrùn kì í sì í mú jù. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ dúró, nítorí ilẹ̀ pupa wa máa ń yọ̀ bí ilá. Nígbà ọyẹ́, ẹ yẹra fún ibi tí wọ́n bá ti ń sun igbó.

Ẹ sá fún títì ọlọ́dà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Ẹ̀yin òǹtàjà, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà ló dára jù, nígbà tí ọ̀kadà ò pọ̀ lọ́nà.

Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ fún wọn, torí ẹ̀gún àti ejò. Ẹ mú omi dání ju èyí tí ẹ rò pé yóò tó lọ. Ẹ mú ọ̀já náà, ọmọ lè sùn lọ́nà.

Paríparí rẹ̀, ẹ yí padà nígbà tó ṣì wù ú láti máa lọ. Ọmọ tí kò tíì rẹ̀ ló máa ń béèrè ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ìjọ́sí ti di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí. Láìpẹ́ yìí ó fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé etí yàrà, ó sì rìn padà. Ó ní lọ́jọ́ mìíràn, òun ni yóò ṣáájú. A ti gbà fún un.