OHUN TÓ Ń DÁ ỌMỌ DÚRÓ LẸ́NU Ọ̀NÀ GÍRÁMÀ

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà tí wọn ò wọ gírámà la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Owó ni ti gírámà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ bàbá ló fi oko kòkó dógò kí ọmọ kan ṣoṣo lè lọ. Ní 1979, ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó sọ gírámà náà di ọ̀fẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 sì sọ pé títí ọmọ yóò fi parí JSS 3, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni.

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ kan ṣì ń jókòó sílé? Ẹ jẹ́ ká wo inú ilé tí wọ́n ti wá.

Èkíní, àkókò owó. Owó ilé-ìwé nìkan kọ́ ni ìnáwó. Aṣọ, bàtà, ìwé àti owó ọkọ̀ wà ńbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń dé pọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Àwa àgbẹ̀ kòkó sì mọ oṣù kẹsàn-án: kòkó ńlá ò tíì bọ́ sí wa lọ́wọ́, ó di oṣù kẹwàá sókè. Ọmọ ẹni tó ń gbowó oṣù á ti wọlé, ọmọ àgbẹ̀ á máa dúró de ìkórè. Tó bá fi máa dé kíláàsì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti síwájú, ojú á tì í, wọ́n á ní kó kúkú lọ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ò burú o, àmọ́ ọmọ ló yẹ kó yàn án, kì í ṣe àìlówó oṣù kan.

Èkejì, ìmọ̀ òbí. Òbí tó lọ gírámà mọ ìgbà tí fọ́ọ̀mù ìdánwò ìwọlé ń jáde, ó sì mọ tíṣà tó yẹ kó bi. Ẹni tí ò lọ, ìgbà tó bá kọjá tán ló ń gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ipò ọmọ nínú ilé. Bí owó ò bá tó, obìnrin la sábà ń dá dúró, pàápàá àkọ́bí, kó lè máa pọn àbúrò, kó sì máa kiri ọjà fún ìyá rẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, àti èyí tí a fi sọ́dọ̀ ẹbí, àwọn ni owó ń kàn kẹ́yìn.

Kí lẹgbẹ́ lè ṣe? Ẹni tó bá ń fi ₦1,000 pamọ́ lọ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún á ti ní ₦35,000 ní ọ̀sẹ̀ 35, kí ilé-ìwé tó wọlé. Tí ìyẹn ò bá tó, kó kọ̀wé ẹ̀yáwó lóṣù keje, kó mú onídùúró wá, torí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí. Tó bá ta kòkó, kó san án. Ó sàn ju kéèyàn gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó nígbà tí èso ṣì wà lórí igi, kí onítọ̀hún wá máa dá iye tó wù ú lé e. Àwọn opó inú ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣe onídùúró fún wọn. Ẹni tó mọ̀wé láàárín wa, kó máa ka ìkéde ìdánwò sétí ìpàdé.

Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ mú orúkọ àwọn ọmọ yín tó wà níwèé mẹ́fà wá, tọkùnrin tobìnrin, ká lè mọ iye tí a ó máa múra sílẹ̀ dè.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́