Kí ni Pílátù ń wá nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́?

Yàtọ̀ sí Jésù fúnra rẹ̀, èèyàn méjì péré ni Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì dárúkọ. Màríà ìyá rẹ̀ ni ọ̀kan, Pọ́ńtíù Pílátù ni èkejì. Ábúráhámù tí gbogbo wa ń pè ní baba ìgbàgbọ́ kò sí níbẹ̀. Pétérù kò sí níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù náà kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ní Mẹ́tọ́díìsì, ní Àgùdà, ìjọ á dìde dúró, màmá àgbà á di àga iwájú mú kó lè nàró, gbogbo wọn á sì pe orúkọ gómìnà ará Róòmù kan. Ẹni tó bá mọ ohun tí Pílátù ń wá níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí ìjẹ́wọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 404, Rufinus ará Aquileia ní Ítálì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí àwọn àpọ́sítélì tó tú ká lọ wàásù, wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n sì jọ ṣe ìjẹ́wọ́ yìí. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn tilẹ̀ ń pín in fún wọn, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún àpọ́sítélì kọ̀ọ̀kan. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi ìrìbọmi ni ìjẹ́wọ́ náà ti jáde. Mátíù 28:19 ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣèrìbọmi ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àṣà Àwọn Àpọ́sítélì, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà sí ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi á dúró nínú omi. Wọ́n á bi í bóyá ó gba Baba gbọ́. Á ní òun gbà gbọ́, wọ́n á rì í. Wọ́n á bi í nípa Ọmọ: bí wọ́n ṣe bí i, bó ṣe kú lábẹ́ Pílátù, bó ṣe jíǹde. Á tún ní òun gbà gbọ́, wọ́n á tún rì í. Ìbéèrè kẹta, ti Ẹ̀mí Mímọ́, á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì rì í lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìdí nìyẹn tí ìjẹ́wọ́ náà fi ní apá mẹ́ta, tí apá ti àárín sì gùn ju àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ “mo” la fi bẹ̀rẹ̀ ẹ, kì í ṣe “a”: ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń dáhùn nínú omi. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó tò bó ṣe tò lónìí. Odindi rẹ̀ bí a ṣe ń kà á la rí nínú ìwé Pirmin, ajíhìnrere tó ṣiṣẹ́ lágbègbè odò Rhine ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹjọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ìjẹ́wọ́, Bíbélì nìkan ló tó. Kí wọ́n ṣí 1 Kọ́ríńtì 15. Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà yẹn láàárín àwọn ọdún 50, ó sì sọ ní ẹsẹ kẹta pé ohun tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́ lòun náà fi lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá tò ó: Kristi kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, wọ́n sin ín, ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta, ó fara han Kéfà àti àwọn méjìlá. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ ní ṣókí ṣókí, bí ohun tí wọ́n há sórí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ gbà pé ó ti wà lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ kí Pọ́ọ̀lù tó mú kálàmù. Ìjẹ́wọ́ ti ń dún lẹ́nu ìjọ kí ìwé Ìhìnrere kankan tó jáde. Ísírẹ́lì pàápàá ní tirẹ̀, ní Diutarónómì 6:4, pé Olúwa kan ṣoṣo ló wà, wọ́n sì ń kà á láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọ̀pọ̀ gbólóhùn inú Ìjẹ́wọ́ àwọn Àpọ́sítélì kò le láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú Bíbélì. Ti Ẹlẹ́dàá wà ní Jẹ́nẹ́sísì 1, ti wúńdíá tó bímọ wà ní Lúùkù 1, ti ọwọ́ ọ̀tún Baba wà ní Sáàmù 110, ti ìdájọ́ alààyè àti òkú sì wà ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10:42. Ibi tó le ni ibi tí a ti ń sọ pé Jésù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ipò òkú. Rufinus fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé gbólóhùn yẹn kò sí nínú ti Róòmù nígbà ayé òun. Bíbélì kò fi bẹ́ẹ̀ là á yé wa. 1 Pétérù 3:19 sọ pé ó lọ wàásù fún àwọn ẹ̀mí tó wà nínú túbú. Ní Ìṣe 2, Pétérù fi Sáàmù 16 ṣàlàyé pé ipò òkú kò lè dá a dúró. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà tilẹ̀ yọ gbólóhùn náà kúrò nínú tiwọn. Ní tèmi, kó dúró síbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ikú tó kú kì í ṣe eré, ó dé ibi tí gbogbo òkú ń dé.

Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Níséà yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún 325 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ síbẹ̀, ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, nítorí Arius, àlùfáà Alẹkisáńdíríà, tó ń kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sínú ìjẹ́wọ́ tí kò sí nínú Bíbélì rárá, pé Ọmọ àti Baba jẹ́ ọ̀kan náà ní ti ohun tí wọ́n jẹ́. Inú ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kò dùn sí i. Àlàyé tí Athanasius, tó gbèjà ọ̀rọ̀ náà, ṣe nígbà tó yá ni pé kò sí ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n mú wá tí àwọn ará Arius kò rí ọ̀nà gbà túmọ̀ sí tiwọn. Ẹni tó bá ti bá ẹlòmíì ju ẹsẹ Bíbélì síra wọn rí láti àárọ̀ dalẹ́ á mọ ohun tó ń sọ.

Pílátù wá ńkọ́? Ọdún 26 sí 36 ló fi ṣàkóso Jùdíà. Tacitus, òpìtàn Róòmù tí kì í ṣe onígbàgbọ́, kọ ọ́ pé Pílátù ló pa Kristi. Ní ọdún 1961, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Ítálì rí òkúta kan ní Kesaréà tí orúkọ àti ipò rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ti mú òkúta náà ṣe àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìwòran. Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń ṣe nínú ìjẹ́wọ́ ni pé ó fi ọjọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Láyé ìgbà yẹn, orúkọ aláṣẹ ni wọ́n fi ń mọ ọdún. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn kò pàlọ́. Ó ń sọ pé ohun tóun gbà gbọ́ ṣẹlẹ̀ nílùú kan tí a mọ̀, lójú aláṣẹ kan tí a mọ̀. 1 Tímótì 6:13 náà ti ń dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ìbí Jésù, ìjẹ́wọ́ náà fò fẹ̀ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Pílátù. Ìwàásù Orí Òkè kò sí níbẹ̀, ìṣù àkàrà márùn-ún kò sí níbẹ̀, kò sí adẹ́tẹ̀ tó rí ìwòsàn. Ẹni tó bá gbé Ìhìnrere tì tó di ìjẹ́wọ́ nìkan mú ti pàdánù ohun tó pọ̀. Ohun mìíràn tí kò sí níbẹ̀ ni Sátánì. Kò sí àjẹ́, kò sí ọ̀tá ilé baba. Ẹni tó bá mọ bí ìṣọ́ òru wa ṣe ń rí á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kì í ṣe pé àwọn àtijọ́ kò mọ̀ nípa èṣù: nínú ètò ìrìbọmi, wọ́n á kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ná, kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọ̀ ọ́, ó parí, wọn kì í tún dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ohun tí wọ́n gbà gbọ́.

Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í sábà ka ìjẹ́wọ́ kankan nínú ìsìn, ọ̀pọ̀ ìjọ tuntun náà kì í kà á. Síbẹ̀ ìjọ Deeper Life ní ẹ̀kọ́ Bíbélì 22 tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ìjọ. Iṣẹ́ kan náà tí ìjẹ́wọ́ ń ṣe ni.

Ní ti ìgbé ayé ojoojúmọ́, ìparí ìjẹ́wọ́ náà ló le jù. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ baba wọn lè dúró lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn méjèèjì jọ sọ pé àwọn gba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mátíù 18 kò fún ọ̀kankan nínú wọn ní ọ̀nà àbáyọ. Gbólóhùn tó kàn ni àjíǹde ara. A máa ń sọ nídìí òkú pé ó ti lọ sinmi, pé ó ti délé. Ìjẹ́wọ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ara tí wọ́n fẹ́ sọ̀ sínú ilẹ̀ yẹn á dìde. Nínú ètò ìsìnkú Ìwé Àdúrà ọdún 1662, tí ti àwọn Áńgílíkà Yorùbá ti ṣẹ̀ wá, 1 Kọ́ríńtì 15 ni wọ́n ń kà, láti ẹsẹ 20 lọ, ẹsẹ díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí Pọ́ọ̀lù ti to ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́.